Ìlà Márùn-ún Lára Fídà

Ọjọ́ Ẹtì ni ọmọ mi kọ́kọ́ kọ oúnjẹ. Mo rántí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n gbé mi sídìí áyọ́ọ̀nù níbi iṣẹ́ ni. Láràárọ̀ kí n tó jáde, mo máa ń fún wàrà ọyàn mi sínú fídà mẹ́ta, ìlà márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyá ọkọ mi á sì máa fún un mu títí n ó fi dé. Nígbà tí mo wọlé lọ́jọ́ náà, mo bá fídà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí tábìlì. Ìlà méjì ló mu nínú ti àkọ́kọ́, ìlà kan nínú èkejì. Kò fẹnu kan ẹ̀kẹta rárá.

Mo jókòó, mo gbé e sọ́mú. Ó fẹnu kàn án, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì figbe ta bí ẹni tí nǹkan ta.

Àgbà la máa ń pe ọmọbìnrin yìí nínú ilé, nítorí pé láti ọjọ́ tí a ti bí i ló ti máa ń fajú ro bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ̀ tí kò fara mọ́ ọn. Oṣù márùn-ún ló pé. Kò kọ oúnjẹ rí.

"Wàrà rẹ ti jinná," ni ìyá ọkọ mi wí.

"Ó jinná báwo, Màmá?"

"Ṣebí ìwọ lò ń dúró ti iná láti àárọ̀? Áyọ́ọ̀nù ti sè é mọ́ ọ láyà. Ọmọ wo ló fẹ́ mu wàrà sísè?"

Mo mọ̀ pé bí mo bá fèsì, ọ̀rọ̀ á kúrò lórí ọmọ, á bọ́ sórí ẹnu mi.

Ilé iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìtura àti ti ilé ìwòsàn là ń fọ̀. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni mo fi wà ní yàrá omi, níbi tí sódà ti ṣí èékánná ìka mi mẹ́rin: àtàńpàkò ọ̀tún, ìfábẹ̀là ọ̀tún, àti ìka méjì tó kẹ́yìn lọ́wọ́ òsì. Ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ló yọ mí níbẹ̀. Nígbà tí mo lè ka nọ́ńbà àti orúkọ tí wọ́n ń kọ sétí aṣọ láìṣì í, ọ̀gá ní kí n máa bọ̀ ní yàrá àwọn tó ń lọ aṣọ. Wọn kì í fini joyè àwòdì kí á má lè gbé adìẹ. Mo gbé áyọ́ọ̀nù náà. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, apá ọ̀tún mi fẹ́ẹ̀ já.

Obìnrin tó wà ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ mi ló ràn mí lọ́wọ́. Sọ̀rọ̀sókè la máa ń pè é, nítorí pé ohùn rẹ̀ kì í ju ti ẹ̀fọn lọ. Ó ti agolo ìpara pẹlẹbẹ kan sí mi, ó sì rọra sọ pé, "Para, jàre. Ẹni tí kò bá para níbí, Sátidé ló máa ń sunkún." Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Kí wọ́n tó gbá áyọ́ọ̀nù mú láàárọ̀, wọ́n á fi ìpara náà kun ọrùn, àyà, apá, títí dé ọmọ ìka, wọ́n á sì tún kùn ún nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ sílé. Ó máa ń ta lára, lẹ́yìn náà á tutù, ìrora á sì fà sẹ́yìn. Agolo méjì ni mo rà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo fún ìyá ọkọ mi ní ọ̀kan nítorí orúnkún rẹ̀. Ó gbàdúrà fún mi títí mo fi ṣe àmín rẹ̀ tì.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, gbogbo ohun tí Àgbà mu lójúmọ́ kò ju ìlà mẹ́ta lọ nínú fídà, ní ti ọmú mi, a máa ń jà kó tó gbà á díẹ̀. Ìyá ọkọ mi pe èmi àti ọkọ mi jókòó.

"Mo ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Sátidé tó ń bọ̀ ló máa wá. Bí ọmọ yìí ò bá padà sídìí oúnjẹ rẹ̀ kó tó di ìgbà yẹn, ìyàwó á fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, á jókòó ti ọmọ rẹ̀. Bóyá fún oṣù díẹ̀."

Wẹ́dà ni ọkọ mi. Ẹni tó lè so irin pọ̀ mọ́ irin ni, ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá wà lápá kan tí èmi wà lápá kejì, iná rẹ̀ kì í ràn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù ṣe é."

"Oṣù díẹ̀ mélòó, Màmá?" ni mo béèrè.

"Ṣé mo mọ̀ ni? Díẹ̀ ni mo ní."

Mo mọ "díẹ̀". Kíláàsì kẹrin ni mo wà nígbà tí wọ́n ní kí n wá jókòó ti àbúrò mi tó ń ṣàìsàn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n pè é. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún kí n tó tún jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé.

"Mi ò ní fi í sílẹ̀, Màmá," ni mo wí. Mi ò gbé ohùn sókè. Ó wò mí bí ẹni tí àga bá sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá láti gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn.

"O ò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá nídìí áyọ́ọ̀nù, o ti ń tọrọ àyè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mò ń tọrọ rẹ̀."

Ó dúró kí n fi ẹ̀bẹ̀ kún un. Mi ò fi kún un. Ó ní kí n máa lọ.

Nọ́ọ̀sì náà wọn Àgbà, ó wo ẹnu rẹ̀, ó wo etí rẹ̀, ó fi nǹkan wo bóyá ara rẹ̀ gbóná. "Ìlédìí mélòó ló ń tọ̀ sí lójúmọ́?"

"Mẹ́fà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, márùn-ún lánàá. Ọ̀kan nínú ti àná kò rin púpọ̀."

Ó gbójú sókè. "Ìwọ gan-an ló yẹ kó máa gba iṣẹ́ mi. Ara rẹ̀ dá, ẹnu rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n máa kà á bẹ́ẹ̀. Bí ìlédìí bá dín sí mẹ́rin, tàbí ara rẹ̀ gbóná, tàbí ó ń sùn tí kò fẹ́ jí, má dúró di ọ̀la o." Ó tẹ̀ síwájú kó wo bí mo ṣe ń gbé ọmọ sọ́mú. Ló bá fà sẹ́yìn, tó ń nu ojú. "Yéè! Kí lo fi para? Omi ń bọ́ lójú mi."

"Ìpara apá ni, mà. Gbogbo wa la máa ń fi para níbi iṣẹ́."

"O wá fi pa àyà tí ọmọ fẹ́ ki imú bọ̀? Ìyá, irú ìpara yìí kò dáa fún ọmọ tó kéré báyìí, ká má tíì sọ ti oúnjẹ. Ìwọ ò gbọ́ òórùn rẹ̀ ni?"

Mi ò gbọ́ ọ. Obìnrin méjìlá ló ń kun nǹkan yìí nínú yàrá kan tí ooru ti ń jáde lára aṣọ. Láàárín ọjọ́ méjì, imú èèyàn á kú sí i.

Mo délé, mo fi ọṣẹ fọ ara lẹ́ẹ̀mẹta, mo pààrọ̀ aṣọ, mo sì ju agolo mi sínú garawa ìdọ̀tí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àgbà fajú ro sí mi, ó gbọ́ òórùn mi, ó sì mu ọmú bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Omi bọ́ lójú mi, ìpara kọ́ ló fà á.

Mo rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi ọwọ́ mímọ́ fún wàrà sínú fídà, mo lọ síbi iṣẹ́, mi ò para, Sọ̀rọ̀sókè sì ń fi ohùn ẹ̀fọn rẹ̀ bi mí bóyá irin ni wọ́n fi rọ apá mi. Nígbà tí mo délé, ìlà méjì péré ló ti kúrò nínú fídà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́rú bẹ́ẹ̀. Ọjọ́bọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀, ó ń mu ọmú mi, ìlédìí kò sì dín ní márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jáde báyìí, kò ní mu fídà.

"Ṣé o ti rí i báyìí?" ni ìyá ọkọ mi wí. Kò tilẹ̀ bínú mọ́. Àánú mi ló ń ṣe é, ìyẹn ló sì burú jù. "Wàrà kan náà ni. Inú ló ń bí i. Ó ń sọ fún ọ pé kó o jókòó."

Lóru ọjọ́ Ẹtì, mo bi ara mi léèrè bóyá òótọ́ ló ń sọ.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àǹtí dé. Àǹtí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, akọ̀wé kóòtù ni. Bí o bá sọ fún un pé òjò rọ̀ lánàá, á bi ọ́ pé ta ni ẹlẹ́rìí rẹ. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí àga tó dára jù, ó sì yọ gègé jáde.

"Olùpẹ̀jọ́ ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Màmá, ó yá."

"Èmi ò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ o. Kí ọmọ jẹun ni mo wí." Ìyá ọkọ mi na ẹsẹ̀ rẹ̀. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àbí kí n máa wò ó ni?"

"Ìwọ ńkọ́, bàbá ọmọ?"

"Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù ṣe é," ni ọkọ mi wí.

"Sùúrù rẹ ti pọ̀ jù, tà nínú rẹ̀. Olùjẹ́jọ́?"

"Mi ò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀, Àǹtí."

"Mi ò tíì bi ọ́ léèrè ìyẹn."

"Mo mọ̀, mà. Mo kọ́kọ́ dáhùn ni."

Àǹtí kọ nǹkan sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí wọ́n má wulẹ̀ gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́ lásán, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Orúnkún ń ro ó látàárọ̀. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó yọ agolo pẹlẹbẹ kan jáde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra orúnkún, ó sì dé agolo padà. Lẹ́yìn náà ló gbé fídà, ó fi ìka méjì fún orí rọ́bà rẹ̀ wò bóyá wàrà ń jáde, ó sì ki orí rẹ̀ bọ ọmọ lẹ́nu. Àgbà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó figbe ta.

"Ẹ rí i?" ni ìyá ọkọ mi wí.

Mo rí i. Mo dìde.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́wọ́ yín."

"Kí lo fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe?"

Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí imú mi. Láti ọjọ́ Ajé ni mi ò ti para, mo sì ti gbé àga mi sẹ́bàá fèrèsé níbi iṣẹ́. Imú mi ti ń jí bọ̀. Òórùn náà gbá mi lójú.

"Àǹtí, ẹ wá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín."

"Adájọ́ ni kó lọ fọwọ́?"

"Ẹ fọ̀ ọ́, mà. Ẹ fọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́."

Bóyá nítorí bí mo ṣe sọ ọ́ ni kò ṣe jiyàn. Mo gbé fídà mìíràn jáde, mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ orí rẹ̀, mo mú kí wàrà inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àǹtí gbé Àgbà sórí ẹsẹ̀. Àgbà wo Àǹtí, ó wo fídà, ó fajú ro bí ìṣe rẹ̀. Ó fi ahọ́n tọ́ rọ́bà náà wò. Ó dúró díẹ̀. Ló bá gbá a mú.

Bó ṣe ń gbé e mì nìkan là ń gbọ́. Ìlà kan lọ. Ìlà méjì lọ. Nígbà tó kan ìlà kẹrin, ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé okùn rẹ̀. Nígbà tó kan ìkarùn-ún, afẹ́fẹ́ ni Àgbà ń fà, ó sì ń bínú sí fídà pé kí ló dé tó fi tán.

"Ṣé èmi ni mò ń febi pa ọmọ mi?" ni ìyá ọkọ mi wí. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni mo fún yín ní agolo yẹn, Màmá. Èmi náà ni mo kọ́kọ́ fi kun àyà. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi, mo ju tèmi nù, mi ò rántí tiyín. Tèmi ni ẹ̀bi yẹn, ẹ máà bínú." Mo dìde. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi kò jẹ̀bi. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mò ń lọ."

Ọkọ mi la ẹnu. Mo rò pé sùúrù ló tún fẹ́ jáde. Ó ní, "Ó ń lọ, Màmá."

Àǹtí dé gègé rẹ̀. "Kóòtù ti parí. Ẹ bá mi wá nǹkan jẹ."

"Orúnkún mi wá ńkọ́?" ni ìyá ọkọ mi pariwo. "Nítorí pé ọmọ ń jẹun, kí n máa rákò?"

"Bí mo bá ti dé nírọ̀lẹ́, Màmá, tí mo gba ọmọ lọ́wọ́ yín, ẹ máa fi para. Èmi fúnra mi á fi àkísà bá yín ra á."

Ó ṣe ṣìọ̀ sí mi. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Sọ̀rọ̀sókè tún ti agolo sí mi, mo tún kọ̀ ọ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì igba ó lé méjìlá ni mo lọ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀ ló sì dun apá mi. Nígbà tí mo délé, fídà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà ní fífọ̀, wọ́n dojú dé orí aṣọ ìnuwọ́. Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí n tó kí i, ó ti na ọwọ́ méjèèjì sí mi nímú.

"Gbọ́ òórùn rẹ̀, akọ̀wé tuntun," ó wí.

Ìyàwó mìíràn ì bá sọ pé, ẹ má ṣèyọnu, Màmá, mo gbà yín gbọ́. Mo gbé àpò mi sílẹ̀, mo sì gbọ́ òórùn wọn, ti ọ̀tún, lẹ́yìn náà ti òsì.