Ọmọ tí Moṣọpẹ́ Pọ̀n Wálé láti Ṣáínà

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni oyún dúró sí Moṣọpẹ́ lára, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló sì wálẹ̀. Lẹ́yìn ìkẹta ni dókítà sọ fún un pé bó bá tún lóyún, ẹ̀mí rẹ̀ lè bá a lọ. Láti ìgbà náà ni kì í ti í lọ síbi ìkómọ mọ́. Á fi ẹ̀bùn ránṣẹ́, á sì jókòó sílé ní Tanke nílùú Ìlọrin, níbi tí òun àti Wọlé ọkọ rẹ̀ ń gbé. Tíṣà ni, Wọlé náà sì ń kọ́ni ní yunifásítì.

Kí Wọlé tó gbé e níyàwó, Ṣáínà ló ti kàwé. Ìjọba ló rán an lọ kọ́ nípa oko ìrẹsì, ó sì gbọ́ èdè wọn dáadáa. Ní ọdún 1995, ọ̀gá tó kọ́ ọ níbẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láago. Bí wọ́n ti ń kíra, ọ̀gá náà béèrè ọmọ, Wọlé ò sì purọ́ fún un. Ọkùnrin náà wá ní ìyàwó òun ń ṣiṣẹ́ ní ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí wọn ò mọ òbí wọn, pé òfin sì ti gba àjèjì tí kò bímọ láàyè láti wá gba ọmọ.

Nígbà tí Wọlé délé tó sọ ọ́, Moṣọpẹ́ ni kò gbà.

"Àkànbí," ó ní, torí oríkì ọkọ rẹ̀ ló fi ń pè é, "ká gba ọmọ tọ́, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Ṣáínà? Ọmọ tó jẹ́ pé bí mo bá gbé e jáde, ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì á ti mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo bí i?"

Wọlé ò bá a jiyàn. Ọ̀fà ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ tí Màmá fúnra wọn fi dé. Moṣọpẹ́ rò pé wọ́n wá sọ pé kí ọkọ òun fẹ́ ìyàwó mìíràn ni. Ṣùgbọ́n Màmá jókòó tì í lẹ́yìnkùlé, wọ́n bá a bó ẹ̀gúsí títí, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó mi, ta lo rò pé ó tọ́ èmi Àbẹ̀ní?"

"Ìyá yín ni, Màmá."

"Ọjọ́ tí ìyá mi bí mi ló kú. Ládi ló tọ́ mi, obìnrin Hausa kan tó ń dín wáínà, àkàrà ìrẹsì wọn, létí réluwé l'Ọ́fà. Bàbá mi ò mọ ohun tó máa fi ọmọ ọwọ́ ṣe, obìnrin yẹn ló nawọ́ gbà mí. Kò síbi tá a ti jọra. Gbogbo ọjà ló mọ̀ pé òun kọ́ ló bí mi, ìyẹn ò sì ní kó má wẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan." Màmá gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ wọn. "Ó kú kí ọwọ́ mi tó tẹ́nu. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ibi tí n ó dá oore náà padà sí. Ẹ lọ gbé ọmọ yẹn wá."

Moṣọpẹ́ wọ yàrá lọ, ó sunkún tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tó jáde, ó ní kí Wọlé lọ béèrè físà.

Oṣù kọkànlá ni wọ́n lọ. Wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú títí ẹsẹ̀ Moṣọpẹ́ fi wú. Ìlú kan tó ń jẹ́ Nanning ni ilé àwọn ọmọ náà wà. Arábìnrin Wei, àgbà obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ náà, ló pọ̀n ọ́ wá pàdé wọn. Ọmọbìnrin ni, ó ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bíi tòmátì. Bó ti fojú kan Moṣọpẹ́, igbe ló fi bọnu. Wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì, igbe náà ni. Inú Moṣọpẹ́ bàjẹ́.

"Ó mọ̀ pé èmi kọ́," ló wí fún Wọlé.

Arábìnrin Wei fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀, ó ń sọ bí wọ́n ṣe rí ọmọ náà, Wọlé sì ń túmọ̀. Ẹnu ọ̀nà ọjà ni wọ́n ti bá a ní ìdájí ọjọ́ òtútù kan, nínú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́. Súẹ́tà méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ti àgbàlagbà, ó sì ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Moṣọpẹ́ ro ti obìnrin tó bọ́ súẹ́tà ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú òtútù yẹn, tó sì rìn lọ láìsí aṣọ, láìsí ọmọ. Igbe ọmọ náà kò dà bí ìwọ̀sí létí rẹ̀ mọ́.

Ó yọ ọ̀já nínú báàgì rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gba ọmọ náà kúrò lẹ́yìn Arábìnrin Wei, ó gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀ bó ti ń ké, ó ró ìró lé e, ó so ọ̀já. Ó wá ń rìn lọ rìn bọ̀. Ọmọ náà jà, ó tapá, ó tasẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lẹ́yìn. Igbe di èṣúkè, èṣúkè di oorun.

Arábìnrin Wei pàtẹ́wọ́. Wọlé ní, "Ó ń béèrè pé ta ló kọ́ ẹ."

"Sọ fún un pé bí wọ́n ṣe pọ̀n èmi náà nìyẹn."

Wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó. Ẹ̀rù ń bà á kí ọmọ má lọ jí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa padà, ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì níwájú Arábìnrin Wei, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ ò ní sunkún ọmọ." Ìyá àgbà náà ń fà á dìde, omi ń dà lójú àwọn méjèèjì. Wọlé lanu láti túmọ̀, Arábìnrin Wei fọwọ́ dá a dúró.

Iṣẹ́olúwa ni wọ́n sọ ọmọ náà nígbà tí wọ́n dé Ìlọrin. Gbogbo àdúgbò ya wá wò ó. Kàdíját aládùúgbò wọn gbé wàrà wá, ó ń fọwọ́ pa irun ọmọ náà pé, "Irun tó ń yọ̀ báyìí, báwo lẹ ó ṣe dì í?" Ẹ̀rín sọ. Ọmọ ò mu ògì, kò sì fẹ́ jẹ nǹkan kan, àfi ìgbà tí Wọlé rántí oúnjẹ wọn lọ́hùn-ún, tó se ìrẹsì títí ó fi di omi. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Moṣọpẹ́ ní kí wọ́n bá òun gbàdúrà fún obìnrin kan tí òun ò mọ orúkọ rẹ̀, kí Ọlọ́run fi aṣọ ìtùnú bò ó níbi tó bá wà.

Nígbà tí Màmá, tí wọ́n wá kí ọmọ, ń padà lọ sí Ọ̀fà, gbogbo wọn sìn wọ́n dé Ọ̀fà Garage. Màmá ló pọ̀n ọmọ, wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbà á títí awakọ̀ fi ń fun fèrè. Obìnrin oníbúrẹ́dì kan na ọrùn wò ó.

"Ọmọ ta rèé?"

"Ọmọ mi ni," Moṣọpẹ́ ní.

Obìnrin náà wo ìyá, ó wo ọmọ, ó ya búrẹ́dì, ó fi í lé ọmọ lọ́wọ́. "Ọlọ́run á wò ó fún yín o. Mélòó ni kí n dì?"

"Àmín o," ni Moṣọpẹ́ dáhùn. "Di méjì, ọ̀kan fún Màmá."