Tíì Ìyá Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Fọwọ́-Rẹ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, nítorí kò sí ẹni tó máa kọjá níwájú rẹ̀ tí kò ní rán létí ọṣẹ àti omi. Ọmọ náà mọ̀wé, kò sẹ́ni tó lè jà á níyàn. Ṣùgbọ́n ìwé kì í sunkún, kì í di èèyàn lọ́wọ́ mú, kì í sì í sọ pé òǹgbẹ ń gbẹ òun. Aláìsàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọn kò sì tíì gbà á pátápátá. Métírọ̀n tó jẹ́ olórí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ti kìlọ̀ fún un pé, "Àṣìṣe kan péré ti tó kó o padà sílé ìyá ẹ." Obìnrin náà kì í fẹnu lásán sọ̀rọ̀.

Ìyá arúgbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Láti àná ni wọ́n ti ní kó má jẹ, kó má mu, wọ́n sì ní ó di ọ̀sán kó tó kàn án. Bí Fọwọ́-Rẹ ṣe ń tẹ́ ibùsùn rẹ̀ láàárọ̀, ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ètè rẹ̀ ti gbẹ.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, tíì díẹ̀. Kí n kàn fi mú ọ̀fun tutù. Tó bá jẹ́ ìyá ẹ ńkọ́, ṣé wàá máa wò ó báyìí?"

Ta ni irú ọ̀rọ̀ yẹn ò ní gún lára? Fọwọ́-Rẹ wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó sì po tíì tó ní mílíìkì dáadáa. Ìyá mu ún tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó wá ń gbàdúrà fún un.

Kò tíì ṣe àmín tán tí ọkùnrin tó ń ti ibùsùn onítáyà fi wọlé. Ibà ti gbé ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún dè, wọ́n ní kí ìyá ẹ̀gbẹ́ fèrèsé máa bọ̀ kíá.

Àyà Fọwọ́-Rẹ já. Ó mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, ó ti kà á ní àkàtúnkà. Bí nǹkan bá wà nínú ikùn nígbà tí oògùn oorun bá mú èèyàn, ó lè gòkè wá, kó sì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Èèyàn lè tibẹ̀ kú.

Ìyá rí ojú rẹ̀. Ó sọ ọ́ sí i létí pé, "Má sọ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí òní. Àwọn ọmọ mi wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á sì padà lálẹ́ yìí. Tó o bá sọ, wọn ò ní ṣe é mọ́, wọ́n á tún lé ẹ. Tíì lásán ni."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọ̀fẹ́ tiẹ̀ ni èké, kò sì sí ẹlòmíì tó mọ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, Métírọ̀n béèrè pé, "Wọn ò jẹ, wọn ò mu?"

"Rárá o," ni ìyá sọ.

"Mo fún wọn ní tíì, mà," ni Fọwọ́-Rẹ sọ. "Àánú wọn ló ṣe mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbé wọn wọlé."

Ìyá bú sẹ́kún. "O pa mí, ọmọ yìí. O pa mí." Métírọ̀n sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí Fọwọ́-Rẹ níwájú gbogbo èèyàn, ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà di ọjọ́ kejì. Nígbà tí àwọn ọmọ ìyá wá dágbére, kò sí èyí tó dá ìkíni nọ́ọ̀sì náà lóhùn.

"Tó o bá dákẹ́ ni, ò bá ti wà nílé ìyá ẹ báyìí," ni Métírọ̀n sọ fún un nírọ̀lẹ́. "Àsìkò tá a fi ń dán ẹ wò lẹ́nu iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì àgbà kan ló wá gbé ìyá lọ. Ìyá di irin ibùsùn mú gírígírí.

"Ẹ pe èyí tó tú àṣírí mi."

Fọwọ́-Rẹ sún mọ́ ọn tẹ̀rùtẹ̀rù.

"Inú ẹ ṣì ń bí mi o," ni ìyá sọ, kò tiẹ̀ wò ó lójú. "Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fún mi lóògùn oorun, mi ò ní lẹ́nu mọ́. Ìwọ ni kó o dúró tì mí."