Òjò Ọ̀nà Pobẹ̀

Bí o bá bi Bàṣírù léèrè ohun tó rí lókè lọ́hùn-ún, yóò ní òkúta ni. Òkúta ní Ìdáàṣà, òkúta ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn òkè gàgàrà tí kùrukùru ń bò lórí láàárọ̀, pẹ̀lú igbó tí ìjọba fi ààlà sí fún erin àti ẹfọ̀n. Ó rí adágún omi tí ojú kò tó òdìkejì rẹ̀. Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni kò jẹ́ ká rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bàṣírù rìn jìnnà o! Ó rí abuké náà tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kẹ́rẹ́ kò wù ú rí mọ́. Ilé ló ń wù ú lọ. Ẹ̀yìn ń ro ó, ojú ń ta á, eruku pupa ti di àtíkè sí i lára.

Ọkọ̀ Músé, òyìnbó oníṣòwò kan ní Àjàṣẹ́, ló ń wà. Kí wọ́n tó gbéra ló ti sọ fún un pé ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa sin ọmọ òun láti Sakété lọ sílé ọkọ ní Pobẹ̀, àti pé òun kò gbọdọ̀ má sí níbẹ̀. Músé ní kò burú, wọn ó ti dé. Wọn ó ti dé kẹ̀! Ṣé ẹni tó rí òkè kan tó bẹ́ sílẹ̀ láti ya fọ́tò, tó rí òmíràn tó tún bẹ́ sílẹ̀, nirú ẹni bẹ́ẹ̀ ń tètè dé? Màdáámù ìyàwó rẹ̀ a máa wo ẹyẹ, Músé a máa ya òkúta, Bàṣírù a sì jókòó sídìí ọkọ̀, a máa fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. Nígbà tó ní, "Músé, ọjọ́ ń lọ o," ẹ̀rín ni wọ́n fi dá a lóhùn. Wọ́n ní ṣé ẹwà ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kò wù ú wò ni. Ó tún ṣáná sí ọkọ̀.

Màrúfátù lorúkọ ọmọ náà. Àtìgbà tó ti ń rá kòrò ni ìyá rẹ̀ ti kú, Bàṣírù ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dirun fún un, tí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní onídìrí. Ní ìdílé tiwọn, àbúrò bàbá lè ṣojú nídìí yìgì, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá gan-an ló gbọ́dọ̀ kan ìyàwó lórí kó tó wọ ilé ọkọ. Bí ìyàwó bá sì ti jáde nílé, kì í wẹ̀yìn wò mọ́, ẹni yòówù kó pè é. Èyí tó bá wẹ̀yìn wò, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ kò ní jókòó sílé ọkọ láéláé. Bàbá náà kò sì gbọdọ̀ yọjú sílé ọkọ ọmọ rẹ̀, ó di ìgbà tí ọmọ bá bímọ. Ó ti ṣèlérí fún Màrúfátù pé ibi yòówù kí òun wà, òun á wá gbọ́wọ́ lé e lórí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, Kétu ni wọ́n jí sí. Bàṣírù ti nu ọkọ̀ tán láti ìdájí, àfi bí Màdáámù ṣe ní òun kò tíì rí ẹnubodè àtijọ́ dáadáa. Wọ́n tún lọ ya ẹnubodè. Ìgbà tí wọ́n fi la ilẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí kọjá, ojú ọ̀run ti ṣú, òjò sì ká wọn mọ́ Pobẹ̀. Ó rọ̀, ó rọ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Nígbà tó dá, Bàṣírù gba ọ̀nà Sakété, kò sì tíì rìn jìnnà tó fi bá igi gbọọrọ tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà.

Bàríyẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí òjò bá ti rọ̀, igi á dábùú, mọ́tò kankan kò ní kọjá títí ilẹ̀ á fi gbẹ, kí táyà má baà fa ọ̀nà ya. Èṣùbíyìí, arúgbó ará Pobẹ̀, ló ń ṣọ́ ọ. Ó jókòó sábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Bàṣírù dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé igi yìí. Òní ni wọ́n ń sin ọmọ mi lọ sílé ọkọ."

"Ẹ kú ìnáwó," ni Èṣùbíyìí wí. "Kò lè ṣí."

Músé sọ̀ kalẹ̀, ó jágbe, ó fọwọ́ gbá ọkọ̀. Arúgbó náà ń wò ó títí ó fi jágbe tán.

"Òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni òjò bá lòjò ń pa," ló wí. "Bá mi sọ fún un pé òyìnbó bíi tirẹ̀ ló ní n kò gbọdọ̀ ṣí i."

Bàṣírù sún mọ́ arúgbó náà. "Bàbá, ṣé ọkọ̀ ìyàwó kankan ti gba ibí wọ Pobẹ̀ lónìí?"

"Ọ̀kan kọjá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin ń kọrin nínú rẹ̀."

Háà! Bàṣírù jókòó sórí igi náà. Ó bú òkè Ìdáàṣà, ó bú adágún, ó bú ẹnubodè Kétu, ó bú òjò. Nígbà tí èébú tán lẹ́nu rẹ̀, ó sunkún, ní gbangba, níṣojú Màdáámù. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè gbọ́wọ́ nu ojú.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbúròó orin láti ọ̀nà Sakété. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń yọ́ bọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó dúró lódìkejì igi. Ràúdátù, àbúrò Bàṣírù lóbìnrin, ló kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀yin rèé? A dúró, a dúró! Reluwé kò sí lónìí, òjò tún dá wa dúró lọ́nà. Ọmọ yín ní òun kò lọ, èmi ni mo fà á jáde."

"Bàbá yìí ní ọkọ̀ ìyàwó ti kọjá."

"Ṣé ọmọ tiyín nìkan ló ń lọ́kọ lọ́jọ́ Jímọ̀ ni?"

Wọ́n fa Màrúfátù sọ̀ kalẹ̀, aṣọ funfun bò ó lórí. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ nídìí igi, ó kọjú sí ọ̀nà Pobẹ̀, ọ̀nà Pobẹ̀ náà sì ni bàbá rẹ̀ wà. Kò sídìí tó fi máa wẹ̀yìn wò. Ká ní Bàṣírù tètè rí ọ̀nà lọ ni, wọn ì bá pàdé lórí eré, wọn ì bá sì kọjá ara wọn.

Bàṣírù na ọwọ́ kọjá lórí igi, ó gbé e lé e lórí. Gbogbo àdúrà tó ti ń tò jọ láti ẹsẹ̀ òkè dé etí omi, kò rí ọ̀kan sọ nínú wọn. "Màrúfátù," ló wí. "Ilé á tù ọ́. Wàá bí, wàá gbó."

"Àmín, Bàbá mi."

Músé gbé kámẹ́rà rẹ̀ sókè láti yà wọ́n. Èṣùbíyìí dìde pẹ̀lú ẹ̀pà lọ́wọ́, ó lọ dúró síwájú rẹ̀ gbọnin, kò sì kúrò níbẹ̀ títí Màrúfátù fi dìde.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí igi gbéra. Ọkọ̀ méjèèjì rọra kọjá lára ara wọn. Bàṣírù wo dígí, ó rí aṣọ funfun náà láàárín àwọn obìnrin. Ó ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ náà wẹ̀yìn wò, ó sì ń fẹ́ kó wò ó, lẹ́ẹ̀kan péré. Kò wò ó. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni, òun náà ló sì kọ́ ọ.

Músé bi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́.

Bàṣírù ní bẹ́ẹ̀ ni, ó rẹ òun.