Káburétọ̀ Ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀gbọ́n dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú páálí méjì lábẹ́ apá, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ náà tán. Àbúrò rẹ̀ obìnrin dúró sí ẹnu ọ̀nà gáréèjì bàbá wọn, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Rẹwáyà ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò yìí, nítorí iná ọkọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Àga àti bẹ́ẹ̀dì ni ẹ̀gbọ́n ń tà ní tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ti wo fídíò lórí fóònù, ẹni tó bá sì ti wo fídíò láyé ìsinsìnyí, ọ̀gá ni.

Ó tú páálí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Káburétọ̀ ńlá kan tó ń dán yinrin ló wà nínú ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n ní èyí ni yóò máa fún ẹ́ńjìnnì ní epo dípò méjì kéékèèké tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Inú èkejì ni àpótí iná kékeré kan wà, ó ní wáyà pupa kan àti dúdú kan. Ẹ̀gbọ́n ní àpótí yìí ni yóò gba ipò kọ́ńtáàtì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó ń ṣí tó ń pa dé kí plọ́ọ̀gì tó lè tanná. Ó ní ohun àwọn ará àtijọ́ nìyẹn, pé ọkọ̀ bàbá yóò fò. Rẹwáyà wò ó láti òkè délẹ̀. Bàtà funfun ló wọ̀ wá sí ìdí ẹ́ńjìnnì.

Ọkọ̀ eré ìje àtijọ́ ni ọkọ̀ ọ̀hún, alága méjì, tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí. Bàbá ti ń wà á kó tó gbé ìyàwó. Àmọ́ ojú bàbá ti ń ṣú lọ, dókítà sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un pé tí oṣù yìí bá ti parí, kò gbọ́dọ̀ di sitiárìn mú mọ́ láéláé. Ọ̀la, Sátidé, ni oṣù ń parí. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá bẹ̀bẹ̀ fún ni kí òun wà á lẹ́ẹ̀kan sí i lọ sí etí omi, ní ojú ọ̀nà tí òun àti olóògbé ìyá wọn máa ń gbà, kí Rẹwáyà jókòó ti òun. Ọkọ̀ náà ìbá gbé wọn débẹ̀ bó ṣe wà, kó kàn máa wúkọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló lọ kó ọkàn bàbá sókè pé ọkọ̀ lè kú sójú ọ̀nà. Bàbá tí kì í fẹ́ ariwo ní kó máa tún un ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mú sípánà bí ẹni mú ṣíbí ọbẹ̀. Ó tú àwọn àlòkù jáde, ó fi bébà wé wọn, ó gbé wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣàlàyé iná fún ẹni tí iná jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, Rẹwáyà sì ń dáhùn pé, ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi.

Ìgbà tó kan wáyà ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń wà, orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù ni wọ́n ń so mọ́ ara ọkọ̀. Ti ọkọ̀ bàbá kò rí bẹ́ẹ̀: pósítíìfù ni wọ́n so mọ́ ara rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ti jáde. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fi han Rẹwáyà nígbà tó wà ní kékeré, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi kan orí bátìrì náà. Ẹ̀gbọ́n kò wo bátìrì. Ó gbé wáyà dúdú, ó fẹ́ dè é mọ́ ara ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é nínú fídíò.

Rẹwáyà la ẹnu, ó sì pa á dé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n ni, ta ni òun tí yóò máa kọ́ ẹ̀gbọ́n níṣẹ́? Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ọ̀wọ̀ kọ́ ló pa á lẹ́nu mọ́, ẹ̀gàn ni. Ó fẹ́ kí àpótí yẹn jóná lójú bàbá. Lẹ́yìn náà ni òun yóò tú bébà yẹn, òun yóò dá kọ́ńtáàtì àti káburétọ̀ àtijọ́ padà síbi tí wọ́n wà, ọkọ̀ yóò dún, bàbá yóò sì mọ ẹni tó bí. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ pe bàbá jáde.

Bàbá fọwọ́ tọ ògiri bọ̀. Ó ti dé fìlà tó fẹ́ dé lọ́la.

Ẹ̀gbọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Òórùn ló kọ́kọ́ jáde láti inú àpótí iná, kí èéfín tó tẹ̀ lé e. Ẹ́ńjìnnì kò dún. Ẹ̀gbọ́n fò jáde, ó ní bóyá fíùsì ni.

Rẹwáyà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá sọ ọ́ jáde pé òdì ni ẹ̀gbọ́n de wáyà, pé ọmọ iṣẹ́ tó dé lánàá gan-an yóò kọ́kọ́ wo bátìrì. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

"Àwọn àlòkù yẹn?" ni ẹ̀gbọ́n wí. "Mo ti kó wọn fún àwọn tó ń ṣa irin kiri. Wọ́n kọjá nígbà tó o wọlé lọ mu omi."

Rẹwáyà sáré dé ọgbà àwọn oní-irin. Wọ́n ní ọkọ̀ akẹ́rù ti kó gbogbo rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ. Ó pe gbogbo ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, ẹni tó yá jù nínú wọn sọ pé àárín oṣù tó ń bọ̀ ni òun lè rí irú rẹ̀. Nígbà tó padà délé, káburétọ̀ ẹ̀gbọ́n ṣì ń dán yinrin lórí ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n láìsí ohun tí yóò tanná, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n bá bàbá nínú ọkọ̀ ní gáréèjì, ó dé fìlà rẹ̀, ó di sitiárìn mú. Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá ní kó dìde.

"Mo mọ̀ pé o kò mọ̀," ni ó wí. "Láti kékeré lo ò ti mọ nǹkan kan." Ó wá yí ojú sí ibi tí Rẹwáyà dúró sí. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o rí wáyà yẹn kó tó dè é?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, Bàbá. Mi ò fẹ́ dójú tì wọ́n."

"Mo ní ṣé o rí i."

"Mo rí i, Bàbá."

Bàbá kò bú u. Ó ṣí fìlà, ó gbé e sórí àga kejì, níbi tí Rẹwáyà ì bá jókòó sí. Rẹwáyà na ọwọ́ láti gbé e dìde. Ọwọ́ bàbá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó ń wá ti ẹ̀gbọ́n.

"Ìwọ, wá mú mi wọlé," ni ó wí.

Wọ́n jọ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Rẹwáyà dúró ti ọkọ̀, ó ń gbọ́ bí òmùgọ̀ yẹn ṣe ń ṣàlàyé káburétọ̀ fún bàbá, tí bàbá sì ń dá a lóhùn.