Ìyá Ọkọ Mi Ló Parí Géèmù

Èmi aránṣọ ni mo ra géèmù onítàn kan sórí fóònù mi, tí mò ń kà á sétí ìyá ọkọ mi tójú wọn ò ríran mọ́. Obìnrin inú ẹ̀ kan ilẹ̀kùn ilé tí ọmọ ẹ̀ tó sọnù wà, ìyá ọkọ mi sì ń gbàdúrà, ni géèmù bá ní ká tún sanwó ká tó rí ìparí.

Mo pariwo, “Olè! Ṣé màá rán aṣọ, kí n máa ta apá ẹ̀ lọ́tọ̀?”

Ìyá ní, “Pa fóònù ẹ, ìyàwó mi. Èmi á ṣílẹ̀kùn.”

Wọ́n bá fẹnu ara wọn sọ ìtàn náà parí: ọmọ gbóhùn ìyá ẹ̀, ló bá sáré jáde láìwọ bàtà. Mo gbohùn wọn sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sáwọn tá a jọ ń gbá géèmù náà. Gbogbo wọn ní ìparí ti Ìyá làwọn mú, kò sẹ́ni tó máa sanwó!