Ọwọ́ Tó Mọ Iṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó yé yín: ọwọ́ òsì ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Iná iwájú mọ́tò tó ti ṣú, tó dà bí ojú tí àwọ̀ funfun bò, èmi Afrakoma ni mo máa ń fọ̀ ọ́ ní Magazine, ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Kumasi níbí, títí yóò fi mọ́ kedere. Ẹni tí kò bá fẹ́ ọwọ́ òsì, kó máa gbé mọ́tò afọ́jú ẹ̀ lọ.

Agya Twumasi, bàbá tó jẹ́ olórí ìlà ṣọ́ọ̀bù wa, gbé mọ́tò ẹ̀ wá ní Fráídé. Wọ́n fẹ́ sin ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mọ́tò yẹn ni yóò sì ṣíwájú òkú. Bí mo ṣe ki sánpépà bọ omi báyìí, ó figbe ta.

"Háà! Ọwọ́ òsì? Sí mọ́tò tó fẹ́ sin ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé o fẹ́ bú òkú ni? Fi ọ̀tún ṣe é, àbí kó o kó ẹrù ẹ kúrò ní ìlà yìí!"

Ìlà yẹn ni mo ti ń rí oúnjẹ ọmọ mẹ́ta. Àyà mi já, irọ́ ò sí ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ju ẹ̀rù lọ.

"Ẹ má bínú, Agya. Ọ̀tún mi ò mọ iṣẹ́ yìí, oúnjẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n jẹ. Ṣebí òsì náà ló ń wẹ ọ̀tún tó fi ń mọ́?"

Àwọn tó dúró bú sẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha iná náà.

Iná kì í mọ́ lójú ẹsẹ̀. Sánpépà á kọ́kọ́ sọ ọ́ di funfun bí ẹ̀kọ mímu. Ibẹ̀ ló dé tí Agya fi fò sókè.

"Ó ti fọ́ ọ lójú! Ẹ wá wò ó o! Kó ẹrù ẹ!"

Mo ju sánpépà sómi, mo jókòó. "Ó dáa. Ẹ pe ọlọ́wọ́ ọ̀tún."

Wọ́n pe Boadi tó ń lẹ táyà. Ó fi kẹrosíìnì nu iná náà, ló bá ń dán yinrin. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí oòrùn rí i ná. Kò pẹ́, kẹrosíìnì gbẹ, iná tún funfun padà. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ mọ́.

Agya wá dúró níwájú mi. "Afrakoma, jọ̀ọ́, bá mi parí ẹ̀."

"Ọwọ́ wo?"

"Èyí tó bá wù ẹ́."

"Ó lórúkọ, Agya. Ẹ pè é, kí Boadi náà gbọ́."

Ó yíjú sí Boadi. "Ọwọ́ òsì."

"Ẹrù mi ńkọ́?"

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Mo dìde. Mo fi sánpépà tó kúnná ha á, mo fi póláṣì pa á, mo ń fi àkísà yí i po, yí i po, títí gílóòbù inú ẹ̀ fi hàn síta.

"Ó ku igun ibí yìí," ni Agya wí. Kí n tó dáhùn, ó ti já àkísà gbà, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ń nu ún. Ọwọ́ ẹ̀ yá, ó dán mọ́rán. Gbogbo wa tẹjú mọ́ ọn. Ọwọ́ òsì ni.

Ó gbójú sókè, ó rí wa. "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi máa ń de ọwọ́ yìí mọ́ mi lẹ́yìn," ó ní, ohùn ẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. Ó fẹ́ pààrọ̀ ọwọ́.

Mo ní, "Ẹ fi síbẹ̀, Agya. Ta ló fẹ́ dè é níbí?"

Ó fi síbẹ̀, ó fi òsì nu igun náà tán.