Ọkàn Ẹja Ọjọ́ Kẹta

Láti ìgbà tí Sol, ọmọ Bok-hui, ti kú ní ìlú Daejeon ní Kòríà, kò lè fara da ìró aago mọ́. Bó ti ń ró kì-kì-kì, ọkàn ọmọ náà ló ń gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni Sol lò láyé. Ìyá ọkọ rẹ̀, tó se ọbẹ̀ ewéko òkun, ọbẹ̀ tí wọ́n máa ń se fún abiyamọ níbẹ̀, fún un lọ́jọ́ tó bímọ, kò se é mọ́. Níbi ìsìnkú, ó ní irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìran àwọn.

Ilé ìwádìí ni Bok-hui ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní irinṣẹ́ kan níbẹ̀ tó dà bí àlùmọ́gàjí tí ojú kò lè rí. Òun ló fi ń gé jíìnì, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára bàbá àti ìyá, nínú ẹyin ẹja kékeré kan tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bí omi. Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ Sol àti tàwọn òbí rẹ̀ wò: jíìnì méjì ló bàjẹ́ nínú ti Sol, ẹja náà sì ní irú wọn. Bok-hui gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ láti wá èyí tó pa ọmọ náà, ó gé ọ̀kan nínú ẹyin kan. Ẹja náà yè, ó ń lúwẹ̀ẹ́. Ó gé èkejì nínú ẹyin mìíràn. Ìyẹn náà yè. Ló bá gé méjèèjì pọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ẹyin.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó fojú sí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Àwọn ọkàn pupa tíntìntín yẹn ń lù, wọ́n ń falẹ̀, wọ́n sì ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú. Kò mọ̀ pé Sol lòun ń pè wọ́n.

Nílé, Chang-su ọkọ rẹ̀ bi í pé ọ̀dọ̀ ta ni àbùkù náà ti wá.

"Ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ mi wá, ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ rẹ. Kò sí èyí tó lè dá pa á nínú méjèèjì."

 Chang-su ló sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Bok-hui tún ìdánwò náà ṣe, ìyá ọkọ rẹ̀ wá sí ilé ìwádìí. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ awò náà títí ọkàn ẹja tó kù kẹ́yìn fi dákẹ́.

"Ṣé ó ń dùn wọ́n?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

Obìnrin náà kò gbójú sókè. "Ẹyin lọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìsìnkú yẹn, ìyàwó mi. Mi ò lè kó o mọ́."

 Bok-hui nawọ́ láti pa iná awò náà, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ náà mú, ó ní kó jẹ́ kí iná ṣì wà fún àwọn ẹja náà díẹ̀ sí i.